Ẹ Má Torí Aago Sé Èémí Nínú Omi

Ọmọkùnrin kan wẹ̀ láti etí púùlù kan dé èkejì níṣojú mi, kò yọ imú síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó gúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, síbẹ̀ aago ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. "Ó ti wálẹ̀, sà!"

Ohun tó wálẹ̀ ni èsì tí wọ́n ń pè ní SWOLF. Aago á ka iye ìgbà tí apá fa omi, á rò ó pọ̀ mọ́ iye ìṣẹ́jú àáyá téèyàn lò. Ẹni tó fa omi nígbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, 50 ni tirẹ̀. Wọ́n ní bó bá ṣe kéré sí ló ṣe dára sí. Ẹ̀yin òbí, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kí iye náà lè kéré, ọmọ á sé èémí. Òmíràn á tilẹ̀ mí kanlẹ̀ léraléra kó tó wọ omi. Irú mímí bẹ́ẹ̀ ń gbọn carbon dioxide kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ta ara jí pé ó yẹ kéèyàn mí. Ọ́síjìn lè tán lọ́pọlọ kí ara tó béèrè, ẹni náà á sì dákú sábẹ́ omi wọ́ọ́rọ́wọ́, láìpariwo, láìjà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ògbólógbòó òmùwẹ̀.

Ọwọ́ tí aago wà nìkan ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ mọ̀, bó ṣe ń lọ àti bó ṣe ń yí. Kò rí ìbàdí tó ń rì, kò rí ẹsẹ̀ tó ń ya kiri. Ohun tí wọ́n bá sì sọ fún un ló ń gbà gbọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan fi mítà 500 hàn mí ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan, ó lọ nígbà 20. Mítà 25 ló tẹ̀ sínú aago. A fi tépù wọn púùlù náà, mítà 18 ni. Mítà 360 ló wẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ju aago nù. Ẹ fi wo bí ọmọ ṣe wẹ̀ lónìí sí bó ṣe wẹ̀ lóṣù tó kọjá, nínú púùlù kan náà. Bó bá jẹ́ àṣìṣe ara lẹ fẹ́ rí, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí kóòṣì wò ó.

Ẹ kọ́ ọmọ láti máa mí déédéé. Ẹ má sì jẹ́ kó wọ omi láìsí àgbàlagbà tó mọ̀wẹ̀ létí púùlù, tó ń wo ọmọ, tí kò wo fóònù.