Ẹ̀PÀ TÍ Ó BU ÀTI JẸJẸRẸ Ẹ̀DỌ̀

Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn amòye wádìí ọ̀ràn náà, wọ́n sì rí i pé oúnjẹ wọn ni ó pa wọ́n: ẹ̀pà ilẹ̀ Bràsíìlì tí a ti fún òróró rẹ̀, tí ó sì ti bu. Oró tí ó wà nínú rẹ̀ ni a ń pè ní áfílátọ́síìnì. Ó ń bẹ nínú ẹ̀pà àti àgbàdo ilẹ̀ olóoru gbogbo. Ojú kì í rí i. Sísè àti yíyan kò sì lè pa á tán.

Oró yìí a máa fa jẹjẹrẹ sínú ẹ̀dọ̀ ènìà. Jíìnì ni ìwé àṣẹ tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, èyí tí ara ń tẹ̀lé. Ọ̀kan nínú wọn, p53, dàbí ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú: kì í jẹ́ kí ohun tí ó bàjẹ́ nínú ara máa bí sí i. Nígbà tí oró náà bá dé ẹ̀dọ̀, a yí padà, a sì lẹ̀ mọ́ jíìnì. Ní ọdún 1991 ni a fi hàn pé, nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà àti ti gúúsù Áfíríkà, ojú kan náà ni p53 ti sábà bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni oró oúnjẹ ṣe ń fọ́ ọdẹ lójú.

Jíìnì mìíràn wà tí ń bá ẹ̀dọ̀ sọ oró di aláìlágbára. Ti ẹlòmíràn kò sì lágbára tó. Nítorí náà, ẹni méjì lè jẹ nínú ìkòkò kan, kí ewu wọn má sì dọ́gba. Àrùn mẹ́dọ̀wú a tún mú un burú sí i. Nínú ìwádìí kan ní Shanghai, tí a tẹ̀ jáde ní 1994, oró nìkan sọ ewu di ìlọ́po 3, mẹ́dọ̀wú nìkan sọ ọ́ di ìlọ́po 7. Ṣùgbọ́n méjèèjì pọ̀ sọ ọ́ di bí ìlọ́po 60.

Kò sí ẹni tí ó yan jíìnì tí a bí mọ́ ọn; ṣùgbọ́n a lè ṣọ́ oúnjẹ. Kí àgbẹ̀ kí ó kórè lásìkò, kí ó sá irè rẹ̀ sórí ẹní, kì í ṣe sórí ilẹ̀ lásán, títí yóò fi gbẹ dáadáa. Kí ó ṣa èyí tí ó bu, tí ó fọ́, tàbí tí ó hunjọ kúrò, kí ó má sì fi í fún adìẹ. Kí ó kó ìyókù sí ibi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kí ìyá kí ó jẹ́ kí ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú ní ọjọ́ tí a bí i.

Ẹni tí ó bá sì fi ẹ̀pà bíbu ṣe kúlíkúlí fún títà, kí ó rántí pé ọmọ aládùúgbò ni yóò jẹ ẹ́.