Kí Ẹ Tó Ra Sípíkà Tuntun

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìkirè àti Àpòmù, mo ń rí i lemọ́lemọ́: orin á máa já lórí sípíkà Bluetooth, ẹ ó sì sáré lọ ra òmíràn. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gba orin kan sínú fóònù, ẹ pa dátà àti Wi-Fi, kí ẹ wá gbọ́ ọ. Bó bá ṣì ń já, ọ̀dọ̀ Bluetooth ni àléébù wà. Ẹ sún fóònù mọ́ sípíkà, kí ògiri má sì sí láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí orin tí ẹ gbà sínú fóònù yẹn kò bá já, ẹ wo Wi-Fi yín.

Ẹ má fi ráútà pamọ́ sẹ́yìn fìríìjì. Irin ń dí i lọ́nà. Ẹ gbé e sókè. Bó bá jẹ́ èyí tó ń lo síìmù, ẹ̀bá fèrèsé ló yẹ ẹ́.

Bluetooth àti Wi-Fi 2.4 GHz jọ ń lo ọ̀nà kan náà, wọ́n sì máa ń dí ara wọn lọ́wọ́. Ẹ yí Wi-Fi sí 5 GHz, ṣùgbọ́n ẹ má jìnnà sí ráútà: nínú ilé alámọ̀ tí mò ń gbé, kì í kọjá yàrá kejì.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa dán an wò, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.