Owó Iṣẹ́, Gbèsè Ìlú àti Kóńgò Tí A Lu Ìdí Rẹ̀ Wọnú

Gbogbo ọpẹ́ àti ìyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí kì í ṣe àbòsí fún ẹ̀dá Rẹ̀ kankan. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tọ ipa wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń pe ara wa àti ẹ̀yin náà síbi ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Kútúbà ti òní dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi wá lẹ́yìn ìrun: kí ló dé tí owó oṣù ń pọ̀ sí i tí oúnjẹ inú ìkòkò ń dín kù, àti pé ta ni ìlú jẹ ní gbèsè tó pọ̀ tó báyìí?

Ọlọ́hun sọ odindi súrà kan lórúkọ àwọn tí ń rẹ́ni jẹ nídìí òṣùwọ̀n, ìyẹn Súrà Al-Mutaffifīn, ègbé ni Ó sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú lọ́jà. Lójú, kóńgò ni; bí a bá da gàrí inú rẹ̀ sílẹ̀, kò pé. Ẹni tó tà á kò fẹnu purọ́. Kóńgò kan ló pè é, kóńgò kan ló wọ̀n. Inú irin ni irọ́ náà wà.

Owó náírà ti di irú kóńgò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1981, òfin fi owó oṣù tó kéré jù lọ sí 125 náírà, èyí sì tó nǹkan bí 200 dọ́là nígbà náà. Ní 2019 ó di 30,000 náírà, nǹkan bí 83 dọ́là. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ buwọ́ lu 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n dọ́là kan ti di nǹkan bí 1,600 náírà nígbà náà, nítorí náà gbogbo rẹ̀ kò pé 45 dọ́là lásìkò yẹn. Kì í ṣe pé dọ́là ni a ń jẹ o. Ṣùgbọ́n àlìkámà inú búrẹ́dì àti ọ̀pọ̀ egbòogi tí à ń lò, dọ́là ni wọ́n fi ń rà wọ́n wọlé. Òǹkà ń gòkè, ìdí kóńgò náà ń gòkè tẹ̀lé e.

Ta ló wá ń lu ìdí kóńgò? Gbèsè wà lára àwọn tó di òòlù náà mú. Àwọn bàbá wa mọ ètò kan tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó yóò máa sìn lóko olówó, tàbí kó fi ọmọ rẹ̀ sìn. Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà, èlé lásán ni; kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú ojú owó. Ó lè sìn fún ọdún mẹ́wàá kí gbèsè náà ṣì wà ní digbí. Ẹ wá wo ti Nàìjíríà. Ní ọdún 2000, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sọ ní gbangba pé gbogbo ohun tí a yá títí di 1985 tàbí 1986 jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 5 dọ́là, pé a ti san nǹkan bí bílíọ̀nù 16, síbẹ̀ wọ́n ní ó ku nǹkan bí bílíọ̀nù 28. Èlé, èlé lórí èlé, àti ìtanràn ohun tí a kò san lásìkò, àwọn ló wú u bẹ́ẹ̀. Ní 2005, àwọn ayánilówó tó ń jẹ́ Paris Club gbà láti fagi lé bílíọ̀nù 18, àwa náà sì san nǹkan bí bílíọ̀nù 12. Ìwọ̀fà gba òmìnira. Kò pẹ́ tó tún fi padà sóko olówó.

Sogúndogójì ni èyí, bí wọ́n tilẹ̀ wọ kóòtù fún un. Nínú Súrà Al-Baqarah, Ọlọ́hun kéde ogun sí ẹni tó bá kọ̀ láti jáwọ́ nínú ribá. Lẹ́yìn èyí ni Ó ní kí a fún ajigbèsè tó wà nínú ìnira ní àkókò, àti pé bí a bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, a kò bá ẹni tó ń fura sí àwọn ayánilówó àgbáyé wí. Ní ọdún 1944, ní Bretton Woods ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti fìdí àjọ IMF àti Báǹkì Àgbáyé múlẹ̀, nígbà tí àwa ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di òní, àwọn ìpinnu tó tóbi jù nínú àjọ IMF gbọ́dọ̀ gba ìdá 85 nínú 100 ìbò; ti Amẹ́ríkà nìkan ju ìdá 16 lọ, ó tó láti dá a dúró. Àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní 40 ní gúúsù Sàhárà, àga méjì péré ni wọ́n ń pín láàárín ara wọn nínú ìgbìmọ̀ alákòóso rẹ̀, kí wọ́n tó fi ẹ̀kẹta kún un ní 2024.

Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Lórí Wasáàpù, wọ́n ń gbé e kiri pé ìdílé kan ló ni gbogbo báǹkì ayé. Súrà Al-Hujurāt pàṣẹ kí a wádìí ìròyìn, ìtàn bẹ́ẹ̀ sì máa ń gbé ẹ̀bi kúrò lórí àwọn tó sún mọ́ wa. Apá tó pọ̀ nínú gbèsè ìjọba àpapọ̀, àwọn báǹkì àti àjọ owó ìfẹ̀yìntì tó wà nílẹ̀ wa níbí la jẹ ẹ́. Ní 2023, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i pé kí tírílíọ̀nù 22.7 náírà tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ báǹkì àpapọ̀ di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Wọ́n ti ná owó náà kí wọ́n tó wá gba àṣẹ. Owó tuntun tí kò sí ọjà tuntun lẹ́yìn rẹ̀, òòlù ni. Kò sì sí òyìnbó kankan tó di èyí mú.

Āyàh tó gùn jù lọ nínú Alùkùránì kò sọ nípa ìrun tàbí àwẹ̀; bí a ṣe ń kọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí ló ń sọ. Ará ìlú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ yáwó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè: èló ni, kí ni ẹ fi ṣe, èló ni èlé rẹ̀? Ẹ bi àwọn aṣojú yín.

Nígbà tí Ànábì fagi lé ribá ìgbà àìmọ̀kan ní Arafah, ti Abbās, arákùnrin bàbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ fagi lé. Inú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé búrẹ́dì, àti ẹ̀yin tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń bẹ nílé yín: òṣìṣẹ́ tí ẹ gbà ní 30,000 náírà ní ọdún 2021, tó ṣì ń gba 30,000 lónìí, kóńgò wo lẹ fi ń wọ̀n fún un? Àwọn kan yóò ní ọjà kò tà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà ní tòótọ́, kó pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó, kó ṣí ìwé owó rẹ̀ fún un. Ẹni tó ti fi owó lé ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò fi kọ́bọ̀ lé owó oṣù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, òun náà sì mọ̀. Àti àáfà tó ń kọ́ ọmọ yín ní kéwú, tí ẹ ń fún ní sàráà dípò owó iṣẹ́: sàráà kì í san gbèsè.

Àwọn kan bi wá bóyá àfikún owó oṣù kò ní di ribá. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn tó wà ní Jeddah ti yanjú rẹ̀: iye tí a yá ni a ó san padà, a kò gbọdọ̀ so gbèsè mọ́ ọ̀wọ́n ọjà, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ lè máa gòkè bí ọjà bá ṣe ń gòkè. Ànábì pàṣẹ kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Nínú hàdíìsì tí Bukhari gbà wá, ẹni tó gba iṣẹ́ pé tí kò san owó rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣe ẹjọ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde.

Kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé, ẹni tó bá jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní owó, kó san ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ ìyókù sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kó sì fi ọjọ́ tí yóò san án sí i. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń kọ ọ́, kó wá bá wa ní ọ́fíìsì mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Àlásárì.