Iná Tí Ó Fi Eérú Bojú



Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ọ̀rọ̀ baba àti ọmọ ni wọ́n ń fi í sọ, a kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ti iná èédú gan-an, èyí tí ó fi eérú bojú kò tíì kú. Ẹ bi àwọn ìyá wa àgbà. Nígbà tí ìṣáná kò pọ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú iná di ọjọ́ kejì? Wọn a kó ẹyín iná jọ sí àárín ààrò lálẹ́, wọn a wa eérú bò ó mọ́lẹ̀, wọn a lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a tú eérú náà, wọn a fi háhá àgbàdo sí i, wọn a fẹ́ ẹ, iná a sì dìde. Aṣọ ìbora ni eérú jẹ́ fún iná. Ó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí èédú má baà tètè jó tán, ó sì ń ká ooru mọ́ inú. Ohun tí a fi ń pa iná mọ́ ni a wá ń gbé dà sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé òkú ni.

Ẹ̀kọ́ wa lónìí ni bí a ṣe lè pa iná àdògán, àti iná èédú tí a fi ń sun ẹran, ẹja tàbí àgbàdo, kí ó kú ní tòótọ́, àti ibi tí ó yẹ kí eérú rẹ̀ wà.

Ìdí tí ó fi le níbí ju ilé lọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti inú igbó kìjikìji wá. Ní ilé, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé a máa tutù, ewé tí ó já sílẹ̀ a máa rà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó sì yí ilé ká. Ẹni tí ó bá da eérú gbígbóná síbẹ̀ lè máà rí ìjàǹbá kankan títí ọjọ́ fi pẹ́, yóò sì rò pé ohun tí òun ń ṣe dára. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni a wà báyìí. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò a dáwọ́ dúró, koríko gíga a gbẹ bí ìwé, ọyẹ́ a sì máa fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Afẹ́fẹ́ yìí kò pẹ́ hú eérú kúrò lórí ẹyín iná. Yóò fẹ́ ẹ títí yóò fi pọ́n, yóò sì gbé ìpẹ́pẹ́ rẹ̀ lọ sínú bẹẹrẹ tí a fi bo abà.

Ẹ wo ohun tí ó lè bá iná lọ. Ní oṣù wọ̀nyí gan-an ni iṣu wà nínú àká, tí èbù ọdún tí ń bọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, tí àgbàdo àti ọkà bàbà wà lórí àjà. Igi, imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko ni a fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Bí àká bá jó, kì í ṣe oúnjẹ ọdún yìí nìkan ni ó lọ. Òjò yóò dé, a kò ní rí èbù gbìn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò sì béèrè owó tí wọ́n yá wa. Èyí tí ó tún wúwo jù lọ́kàn mi ni pé àlejò ni wá. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni a ń ro. Iná tí ó bá ti ẹ̀yìnkùlé wa jáde kì í dúró ní ààlà. Oko ọkà bàbà aládùúgbò, igi òrí tí àwọn obìnrin wọn ń ṣa èso rẹ̀, koríko tí màlúù àwọn Fúlàní ń jẹ, gbogbo rẹ̀ ni ó lè gbá lọ. Ẹni tí iná rẹ̀ bá jó oko onílẹ̀, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ẹni rere tó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní rọrùn nígbà tí wọ́n bá tún ń pín ilẹ̀.

Ìdánwò kan

Kí a má baà pè é ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán, ẹ dán èyí wò. Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ kó ẹyín iná jọ sínú àdògán níta gbangba, kí ẹ sì wa eérú tí ó nípọn bò ó. Lówùúrọ̀ ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè eérú náà; ó lè tutù bí ilẹ̀. Ẹ wá fi igi tú àárín rẹ̀, kí ẹ fi ìdì koríko gbígbẹ kan kàn án, kí ẹ sì fẹ́ ẹ. Ẹ pe àwọn ọmọ wá wò ó, ṣùgbọ́n kí omi wà nítòsí.

Nínú òkìtì eérú tí ó nípọn, ẹyín iná lè wà láàyè fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ojú kọ́ ni a fi ń mọ̀ pé èédú ti kú. Pípọ́n rẹ̀ kì í hàn dáadáa nínú oòrùn ọ̀sán, èédú kì í sì rú èéfín púpọ̀ bí igi. Bẹ́ẹ̀ èédú tí ó ń pọ́n lè gbóná ju ìwọ̀n 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, nígbà tí omi ń hó ní 100.

Bí a ṣe ń pa á

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí a dé e. Iná kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Bí a bá ti sun ohun tí a fẹ́ sun tán, kí a fi ẹ̀mú kó èédú tí ó kù sínú ìkòkò irin tàbí garawa onírin tí ó ní ọmọrí irin, kí a sì dé e pinpin. Yóò kú fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ń sun bọ̀ọ̀lì àti àgbàdo tà ní oríta, èrè yín wà nínú èyí, nítorí èédú tí ì bá jó dànù yóò di ti ọjà ọ̀la. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ padà sínú àpò èédú lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ó sùn nínú garawa níta, kí ọmọrí má ṣí. Ẹyọ èédú kan ṣoṣo tí iná ṣì wà nínú rẹ̀ lè ran odidi àpò, àpò náà a sì ran ilé.

Ìkìlọ̀ kan náà ni fún àwọn tí ń fi igi tí wọ́n gé nígbà ṣíṣán oko sun èédú tà. Èédú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú jáde nínú ilẹ̀ lè tún gbiná nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án, bí ó tilẹ̀ dúdú. Kí ó wà ní gbangba fún wákàtí 24 ó kéré tán kí a tó dì í, kí ó má sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ní gbogbo àsìkò náà.

Ìlàjì dúrọ́ọ̀mù tí a fi ń sun ẹran kì í sábà ní ọmọrí tí ó dé e pinpin. Omi ni ti ìyẹn. Kì í ṣe pé kí a gbé korobá kí a da gbogbo rẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀kan. Omi tí ó bá kan ẹyín iná a di oru lójú ẹsẹ̀, oru náà a sì gba àyè tí ó tó ìlọ́po 1,600 ti omi tí ó ti jáde. Òun ni ó ń ru eérú gbígbóná sí ojú ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Kí a dúró sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, kí a na ọwọ́, kí a fi igbá wọ́n omi díẹ̀díẹ̀. Bí ariwo rẹ̀ bá rọlẹ̀, kí a fi igi gígùn rò ó, kí a tún wọ́n òmíràn. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí kò fi ní dún mọ́, tí oru kò sì ní jáde mọ́. Lẹ́yìn náà, kí a gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn láìfara kàn án. Bí ooru bá ṣì ń bọ̀, ẹ tún omi mú.

Bí ọ̀rá ẹran bá ń jó lala lórí irin, ẹ má tíì bu omi sí i. Ẹ gbé ẹran kúrò, kí ẹ fi páànù bò ó títí ọwọ́ iná yóò fi wálẹ̀. Àdògán amọ̀ tí ó gbóná kò sì fẹ́ omi, yóò là. Kí a kọ́kọ́ kó èédú inú rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa kí a tó wọ́n omi sí i.

Àwọn kan máa ń bo èédú mọ́lẹ̀ pẹ̀lú yanrìn. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Bí eérú ni yanrìn ṣe ń ká ooru mọ́, ó sì tún burú ju eérú lọ nítorí pé kò sí àmì kankan lójú ilẹ̀. Ẹni tí ó bò ó mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò mọ̀. Ọmọ tí kò wọ bàtà yóò sáré gba ibẹ̀ kọjá ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì bó.

Ibi tí eérú yóò wà

Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní garawa onírin kan fún eérú nìkan, tí ó ní ọmọrí. Kí ó jókòó lórí òkúta mẹ́ta, ní ibi tí a ti ro koríko mọ́, tí ó sì jìnnà sí ilé, àká àti ọgbà ewúrẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Kí eérú wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí a tó dà á. Àpò ajílẹ̀, páálí, apẹ̀rẹ̀ àti bákẹ́ẹ̀tì rọ́bà kò dára. Iná yóò jó ìdí wọn. Ààtàn kò dára, nítorí ewé gbígbẹ àti ìwé ni ó kún ibẹ̀. Ṣáláńgá tí a fi pákó tẹ́ kò dára pẹ̀lú, àfi bí eérú bá ti tutù pátápátá.

Ọ̀rọ̀ òtútù òru

Òtútù ọyẹ́ níbí le ju ti ilé lọ, ó sì máa ń wu ènìyàn láti gbé àdògán tí iná rẹ̀ ti rọlẹ̀ wọ yàrá kí ó fi yá. Ẹ má ṣe é. Èédú tí ó fi eérú bojú ń tú gáàsì kan jáde tí àwọn dókítà ń pè ní kábọ́ọ̀nù mònókísáìdì. Kò ní òórùn, kò ní èéfín, a kì í rí i. Orí yóò fọ́ àwọn ará ilé, òòyì yóò kọ́ wọn, èébì yóò gbé wọn, ẹni tí ó ti sùn lè má jí mọ́. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé gbogbo wọn síta sínú afẹ́fẹ́, kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn lọ. Aṣọ òfì méjì yá ju àdògán lọ.

Bí iná bá jó ènìyàn

Omi tútù tí ó mọ́ ni kí a máa dà sójú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí a sì bọ́ òrùka tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀ kí ó tó wú. Kì í ṣe epo pupa, ẹyin adìyẹ, ọṣẹ ìfọyín tàbí eérú. Kí a má bẹ́ ìléròrò. Kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó. Bí ó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, bí ó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó jóná lọ, tàbí tí ó bá jẹ́ ọmọ kékeré, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Eérú tútù kì í ṣe ìdọ̀tí

Eérú igi ní oúnjẹ fún ilẹ̀, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Ẹ wọ́n ọn kiri oko ilá tàbí ẹ̀fọ́, kí ó má pọ̀ lójú kan. Ẹ má pò ó mọ́ ajílẹ̀ yúríà, nítorí yóò lé agbára ajílẹ̀ náà jáde sínú afẹ́fẹ́, owó yín a sì bá a lọ. Eérú ibi tí a ti sun rọ́bà tàbí igi ọlọ́dà kò gbọdọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ.

Ẹ̀wà ni mo fẹ́ kí ẹ fi eérú ṣe jù. Eérú tí ó ti sùn ọjọ́ mẹ́rin nínú garawa ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí a bu omi pa, nítorí ọ̀rinrin yóò ba ẹ̀wà jẹ́. Ẹ fi asẹ́ kù ú kí èédú inú rẹ̀ jáde. Ẹ po igbá eérú kan mọ́ igbá ẹ̀wà kan, kí ẹ dà á sínú ìkòkò gbígbẹ, kí ẹ kì í dáadáa, kí ẹ da eérú tí ó nípọn tó ìka méjì sí òkè rẹ̀, kí ẹ sì dé e. Kòkòrò kò ní rí àyè rìn láti hóró kan dé èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eérú dànù, kí ẹ tó fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta.