Àpótí Ìmọ̀: Nígbà Tí Iná Bá Ba Dírááfù Jẹ́

Láàárín 2012 sí 2016, dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, da Gánà láàmú, kò sì yọ àdúgbò Alabar ní Kumasi sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo ilé kì í sùn. Nítorí náà, iná lè lọ nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó sábà máa ń dàrú ni àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì wà, kì í ṣe gbogbo fáìlì fúnra wọn. Ext3, ètò ìtọ́jú fáìlì tó wọ Linux ní 2001, dín ewu yìí kù: ó ń ṣe bí oníṣòwò tó kọ àwìn sínú ìwé kó tó gbé ọjà fún oníbàárà. Bí iná bá dé, yóò ka ìwé náà, yóò sì parí iṣẹ́ tó kù.

Bí dírááfù kò bá ṣí síbẹ̀, ẹ má sáré lo fsck, irinṣẹ́ tó ń tún ètò fáìlì ṣe, torí ó lè yí ohun tó ṣì dára padà. Ẹ kọ́kọ́ fi ddrescue, irinṣẹ́ àdàkọ dírááfù, da gbogbo rẹ̀ kọ sórí dírááfù mìíràn tí kò kéré sí i. Orí ẹ̀dà yẹn ni kí fsck ti ṣiṣẹ́. Fáìlì tí kò bá mọ ilé rẹ̀, inú fódà lost+found ni yóò kó o sí, nọ́ńbà ni yóò sì fi sọ ọ́ lórúkọ. (Iṣẹ́ onísùúrù nìyẹn!) Bí dírááfù bá ń dún kà-kà-kà, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Láti dènà irú èyí, UPS, bátìrì tó ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀, yóò fún yín láyè láti pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ. RAID, ìyẹn dírááfù púpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan, kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ibòmíràn.