Ìtọ́jú Orin àti Ìtọ́jú Orúkọ: Àgbéyẹ̀wò Àkójọ Orin Àwọn Darandaran Orí Ẹṣin Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn, ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ni pé àwùjọ ló ni orin ìbílẹ̀. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ẹnu ẹnìkan ni orin ti sábà máa ń jáde kí ẹnu ọ̀pọ̀ tó gbà á. Bí a bá tọ́jú orin tí a kò tọ́jú orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀, ìdajì ìtàn ni a tọ́jú. Bébà yìí lo ìtàn orin àwọn darandaran orí ẹṣin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí a mọ̀ sí cowboy, láti fi ìdí èrò yìí múlẹ̀.

Ibi tí orin náà ti ṣẹ̀

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tí ó parí ní 1865, àwọn darandaran bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀wọ́ màlúù láti Texas lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Kansas. Aláwọ̀ funfun, adúláwọ̀ àti ọmọ Mẹ́síkò wà láàrin wọn. Bí wọ́n bá ń ṣọ́ màlúù lóru, wọn a máa kọrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹran má baà ta gìrì. Orin wọn ń ti ẹnu dé ẹnu. Ẹni tí ó gbọ́ ọ ní Texas lè yí ìlà kan padà kí ó tó dé Montana. Lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ti máa ń já bọ́.

Àwọn tí ó kó orin náà jọ

N. Howard Thorp, tí a mọ̀ sí Jack Thorp, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kó orin wọ̀nyí jọ. Ní 1889, ó bá àwọn darandaran adúláwọ̀ kan pàdé ní àgọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí ó gbọ́ sílẹ̀. Ní 1908, ó san owó fún òǹtẹ̀wé kan ní Estancia, New Mexico, láti tẹ Songs of the Cowboys, ìwé pẹlẹbẹ tí orin 23 wà nínú rẹ̀. Thorp fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀dá díẹ̀ lára wọn. Ọ̀kan ni ‘Little Joe, the Wrangler’, tí ó kọ ní 1898 nígbà tí ó ń da màlúù lọ sí Texas. Ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ní 1910, John A. Lomax tẹ Cowboy Songs and Other Frontier Ballads jáde, ìwé rẹ̀ sì gbajúmọ̀ ju ti Thorp lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà gbà pé agbo ló ń bí orin ìbílẹ̀, kì í ṣe ẹnìkan. Lomax náà sì fara mọ́ èrò yìí. Orin Thorp wọ inú ìwé náà láìsí orúkọ Thorp. Ó di 1921, nínú ìwé rẹ̀ tí ó ti fẹ̀ sí i, kí Thorp tó fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn tí ó mọ̀ sí orin wọn.

Àpẹẹrẹ méjì

Àpẹẹrẹ kìíní ni ‘Home on the Range’. Brewster Higley, oníṣègùn kan ní Smith County, Kansas, ló kọ ewì náà ní àwọn ọdún 1870. Daniel Kelley ló fún un ní ohùn orin. Lomax ní ẹnu ọkùnrin adúláwọ̀ kan, tí ó ti jẹ́ alásè fún àwọn darandaran rí, ni òun ti gbà á ní San Antonio ní 1908. Kò sí orúkọ Higley nínú ìwé Lomax. Nígbà tí orin náà gba orí rédíò kan ní àwọn ọdún 1930, tọkọtaya kan láti Arizona, tí wọ́n ti tẹ irú rẹ̀ jáde ní 1905, pe ẹjọ́ ní 1934 pé àwọn ló ni ín, wọ́n sì béèrè 500,000 dọ́là. Agbẹjọ́rò kan, Samuel Moanfeldt, rin ìrìn-àjò káàkiri láti ṣe ìwádìí. Ó gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n ti mọ orin náà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú 1905. Ìwádìí náà gbé e dé Smith County, níbi tí ìwé ìròyìn àdúgbò ti tẹ ewì Higley jáde. Ẹjọ́ náà fọ́. Ní 1947, Kansas sọ ọ́ di orin ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n Kelley ti kú ní 1905, Higley sì ti kú ní 1911. Kò sí èyí tí ó gbọ́ ìdáláre náà nínú wọn.

Àpẹẹrẹ kejì sàn díẹ̀. Ní 1893, darandaran kan, D. J. O'Malley, tẹ ewì kan jáde nínú Stock Growers' Journal ní Miles City, Montana. Ewì náà di orin ‘When the Work's All Done This Fall’, Carl T. Sprague sì gbé e jáde nínú àwo ní 1925. Olórin kan, John I. White, ló wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ O'Malley nígbà tí ó ṣì wà láàyè. O'Malley kò kú títí di 1943. Ní 1975, White tẹ Git Along, Little Dogies jáde, ìwé tí ó sọ ìtàn irú àwọn akọrin bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́

Ohun mẹ́ta hàn gbangba. Àkọ́kọ́, ẹni tí kò béèrè kò lè rí ìdáhùn: akójọ tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé orin kò ní ẹlẹ́dàá kò ní wá a. Ìkejì, ẹ̀rí ẹnu àti ẹ̀rí ìwé gbọ́dọ̀ gbe ara wọn. Ìrántí àwọn àgbà ló tọ́ka ọ̀nà fún Moanfeldt, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló sì fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ìkẹta, àsìkò kì í dúró. Ohun tí White rí gbà lẹ́nu O'Malley, kò sí ẹni tí ó lè rí i gbà lẹ́nu Higley mọ́. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá rán lọ gba orin sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ apohùn, ibi àti ọjọ́ tí ó ti gbọ́ ọ, ẹni tí apohùn náà ti kọ́ ọ, àti ẹni tí wọ́n gbà pé ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí orúkọ méjì bá wà, kí ó kọ méjèèjì.

Àgbálọgbábọ̀

Kò yẹ kí a fi ojú kékeré wo iṣẹ́ Thorp àti Lomax, nítorí pé láìsí wọn, ọ̀pọ̀ orin náà ìbá ti parun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn mìíràn fi wá orúkọ tí ìbéèrè kan ṣoṣo ìbá ti gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.