Òjò Sé Ìdílé Kan Mọ́lé ní Ìjọra Badia

Lẹ́tà tí abala yìí fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí wá láti Ìjọra Badia. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń ta ẹja gbígbẹ ló kọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe alábàárù ní èbúté Àpápá. Ohun tó kọ rèé:

"Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham nílùú London fi fídíò ránṣẹ́ sí mi nígbà tí yìnyín bo àdúgbò wọn. Iléèwé ò ṣí, ọkọ wọn ò lọ síbi iṣẹ́, tọmọ tìyá ń ṣeré, inú gbogbo wọn ń dùn. Nígbà tí òjò wá bẹ̀rẹ̀ níbí, ó sé àwa náà mọ́lé. Ńṣe ni bàbá àwọn ọmọ mi ń jáde tí wọ́n ń wọlé, àwọn ọmọ ń jà nítorí fóònù kan ṣoṣo, èmi náà ń jágbe mọ́ wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọjọ́ ọ̀hún ti sú gbogbo wa. Ṣé àwa náà lè gbádùn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kan, àbí àwọn tó ní pálọ̀ ńlá nìkan ló wà fún?"

Wọ́n lè gbádùn rẹ̀, nínú yàrá kan yẹn náà. Ṣùgbọ́n òjò Badia kì í ṣe ẹgbẹ́ yìnyín Peckham, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Yìnyín á jókòó síta ní tirẹ̀. Omi Badia a máa wọlé. Ilẹ̀ àbàtà ni ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba abúlé Olúwọlé lọ́dún 1973 láti kọ́ National Theatre sí Ìgànmú, Badia ni wọ́n darí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ sí, àwọn ará ibẹ̀ ló sì fọwọ́ ara wọn dí àbàtà kí wọ́n tó ríbi kọ́lé sí. Bí omi bá ti yọjú sí yàrá, ọ̀rọ̀ eré ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kí wọ́n pa iná láti orí mítà, kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tí ilé rẹ̀ ga. Ọjọ́ tí òjò dí ọ̀nà tí kò sì wọlé ni ìmọ̀ràn yìí wà fún.

Kí ìyá yìí wo fídíò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa. Ìkéde ló mú ara tu ìdílé yẹn. Bí àpẹẹrẹ, ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2009, yìnyín bo London débi pé wọ́n kó bọ́ọ̀sì ìlú náà kúrò lójú títì, ọ̀pọ̀ iléèwé sì wà ní títì. Kí àwọn Yorùbá tó wà ní Peckham tó mu tíì àárọ̀ tán, wọ́n ti mọ̀ pé kò síbi tí ẹnikẹ́ni ń lọ, ọkàn wọn sì balẹ̀. Èkó náà ti rí irú rẹ̀ rí: òjò ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011, le débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí iléèwé má ṣí lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ń kéde ohunkóhun ní Badia. Olúkúlùkù á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wojú ọ̀run. Aago mẹ́jọ á lù, mẹ́sàn-án á lù, bàbá á wọ bàtà, á tún bọ́ ọ. Àìmọ èyí tí à ń ṣe yẹn gan-an ló ń ba ọjọ́ jẹ́.

Nítorí náà, kí tọkọtaya yìí fẹnu kò sí aago kan, bí aago méje ààbọ̀. Bí òjò kò bá tíì dá nígbà náà, kí bàbá kéde rẹ̀ fún àwọn ọmọ pé ilé ni gbogbo wọn wà lónìí. Kí ó bọ́ bàtà iṣẹ́, kí ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó òòjọ́ tó lọ dun ni gan-an. Alábàárù tí kò bá ru ẹrù kò ní gbowó, eré ṣíṣe kò sì lè dí àyè yẹn. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí nǹkan díẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ alájọ lójoojúmọ́ ní orúkọ òjò, nítorí pé oṣù kẹfà kì í yẹ̀, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá náà sì ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìkéde, oúnjẹ. Ẹ̀wà ni kí ìyá náà rẹ, kí àwọn ọmọ jókòó yí abọ́ ká, kí wọ́n máa bó o. Bí oníẹ̀rọ kò bá ṣí, ọlọ wà. Àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ nígbà tí òjò ń lu páànù lókè, ta ni yóò máa wojú ọ̀run mọ́? Kí sítóòfù wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, kí jẹnẹrétọ̀ má sì ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá nítorí pé òjò ń rọ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun.

Ní ti ìjà fóònù, ìdáhùn rẹ̀ wà ní Ìkòròdú. Àwọn ọmọdé tí ayé ń pè ní Ikorodu Bois máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù, ìkòkò, igi àti ohunkóhun tó bá wà nínú ilé ṣe àfarawé fíìmù ńláńlá. Lọ́dún 2020, ọdún tí ìjọba sé gbogbo Èkó mọ́lé, wọ́n ṣe ti fíìmù Extraction, àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an sì yìn wọ́n. Fóònù kan ṣoṣo tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọmọ kan á di í mú, àwọn yòókù á ṣeré. Àwọn tó ń wo àwòrán nínú fóònù lè jà. Àwọn tó ń ya àwòrán fúnra wọn kò ní ráyè ìjà.

Ọdún yẹn kan náà ni fídíò mìíràn jáde láti Èkó, abala yìí kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Anthony Madu, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń jó báléètì nínú òjò láìwọ bàtà, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó ti tutù rinrin. Ilé ẹ̀kọ́ ijó Leap of Dance Academy ló ti kọ́ ọ, èyí tí Daniel Ajala dá sílẹ̀ lọ́dún 2017 ní Àjàngbádì, nínú ilé tirẹ̀. Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí dígí ńlá lára ògiri. Ijó yẹn gbé ọmọ náà dé iléèwé ijó ní Birmingham. Ẹni tó bá ní yàrá kéré jù fún eré kó rántí pálọ̀ Ajala.

Kí ìyá yìí ṣàkíyèsí pé òjò tó ń bọ̀ láti òkè ni ọmọ yẹn jó sí. Omi tó kún gọ́tà tó sì bo ojú ọ̀nà Badia yàtọ̀. Omi ṣáláńgá wà nínú rẹ̀. Kọ́lẹ́rà jà ní Èkó lóṣù kẹfà ọdún 2024. Kò sí eré nínú omi yẹn, bó ti wù kí àwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀ tó.

Bàbá náà ní ipa tirẹ̀, ayò sì ni abala yìí máa fi lé e lọ́wọ́. Kò nílò ọpọ́n. Páálí ẹyin tó ń gba ọgbọ̀n ẹyin ní ojú mẹ́fà ní gígùn àti márùn-ún ní ìbú; bí wọ́n bá gé ìlà méjì olójú mẹ́fà, ilé méjìlá ti pé. Kí wọ́n fi ẹ̀wà gbígbẹ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin mẹ́rin sínú ilé kọ̀ọ̀kan, yóò jẹ́ 48. Ẹni tó bá ta ayò tí ọmọ ayò ìkẹyìn sì bọ́ sí ilé alátakò rẹ̀, tó sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ju 24 lọ ló borí. Ìṣirò tí olùkọ́ ń fi pàṣán kọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe yẹn, wọn ò sì ní mọ̀. Kí bàbá má ṣe mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi fún wọn o. Ọmọ tó fi oṣù mẹ́ta jẹ́ òpè, tó wá pa bàbá rẹ̀ láyò lọ́jọ́ òjò kan, yóò ròyìn rẹ̀ dé iléèwé.

Bí ọmọbìnrin bá wà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀sán ni àkókò irun. Ní ọjọ́ ọjà, kíá ni ìyá ń dirun ọmọ kí ó lè sáré jáde. Lọ́jọ́ òjò, ó lè fara balẹ̀ di ṣùkú tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà fi orí àbúrò rẹ̀ kọ́ ọ. Ọdún 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun dídì ní Nàìjíríà, ó sì kó èyí tó ju ẹgbẹ̀rún lọ jọ. Ọwọ́ irú ìyá báyìí ló ṣe iṣẹ́ tó lọ gbé kọ́ sára ògiri ilé àfihàn nílùú òyìnbó.

Iná á lọ, ó dájú. Kí rédíò oníbátìrì gba ojúṣe fóònù: Bond FM wà lórí 92.9, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àlọ́, nítorí alẹ́ ni àsìkò rẹ̀. Bí ìyá bá ti gbàgbé ti ilé wọn, kí ó pe ìyá àgbà tó wà nínú yàrá kejì. Ilé olójúlé púpọ̀ ni Badia, àwọn ọmọ aládùúgbò á sì tẹ̀lé ìyá àgbà wọlé.

Ohun tó kù ni ìpalẹ̀mọ́. Kí oṣù karùn-ún tó parí, kí ìyá yìí fi apẹ̀rẹ̀ kan kọ́ sórí ìṣó, níbi tí omi kò lè dé: páálí ẹyin tí a ti gé, bátìrì rédíò méjì, ìyàrun, òwú àti abẹ́rẹ́, ìwé òfìfo àti bírò, pẹ̀lú ẹ̀wà kóńgò kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí bàbá yóò fi kéde.